Ọmọ Ọba Páṣíà Tí Kò Délé Mọ́

Ọ̀rọ̀ géèmù ni mo gbé dání lónìí. Ẹ̀yin àgbà, mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì yí rédíò yín síbòmíràn. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ ènìyàn ni, ọ̀rọ̀ bí iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ń wọmi ni, ó sì kan ẹnikẹ́ni tó bá lọ́mọ tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ nínú ilé.

Ní ọjọ́ 21 oṣù kìíní ọdún 2026, iléeṣẹ́ Ubisoft ti ilẹ̀ Faransé kéde pé òun ti fagi lé géèmù mẹ́fà tí àwọn òṣìṣẹ́ òun ń ṣe lọ́wọ́. Púpọ̀ nínú wọn ni ará ìta kò tilẹ̀ gbọ́ orúkọ wọn rí. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà níbẹ̀ tí àìmọye èèyàn káàkiri ayé ti ń fojú sọ́nà fún: àtúnṣe Prince of Persia: The Sands of Time, ìtàn ọmọ ọba Páṣíà àti iyanrìn tó ń dá àkókò padà sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ polówó àtúnṣe yìí lóṣù kẹsàn-án ọdún 2020, ọjọ́ tí wọ́n dá fún wa ni ọjọ́ 21 oṣù kìíní ọdún 2021. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ọdún márùn-ún géérégé sí ọjọ́ tó yẹ kó jáde ni wọ́n sin ín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn náà fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ọdún 2003 ni géèmù náà kọ́kọ́ jáde. Ẹ̀ka Ubisoft tó wà nílùú Montreal ní Kánádà ló ṣe é, Jordan Mechner, ará Amẹ́ríkà, ló sì kọ ìtàn inú rẹ̀. Ọmọ ọba kan bá bàbá rẹ̀ lọ sógun nílẹ̀ Íńdíà. Wọ́n ṣẹ́gun, wọ́n kó ìkógun, wọ́n sì mú ọmọbìnrin ọba ibẹ̀, Farah, lẹ́rú. Lára ìkógun yẹn ni agogo oníyanrìn ńlá kan, àti ọ̀bẹ kan tí ọmọ ọba fọwọ́ ara rẹ̀ mú. Olóyè kan tó ti da ọba rẹ̀ ló tàn án pé kó fi ọ̀bẹ náà ṣí agogo. Bí iyanrìn ṣe tú jáde báyìí, gbogbo èèyàn ààfin tí wọ́n gbé agogo náà dé di abàmì. Ó ku ọmọ ọba, ó ku Farah, ó ku ọ̀dàlẹ̀ yẹn.

Ọ̀bẹ yìí ni gbogbo agbára wà nínú rẹ̀. Ọmọ ọba lè sáré lórí ògiri, ó lè fò láti òpó dé òpó. Tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yẹ̀ tó ń já bọ̀ sínú ọ̀gbun, ìwọ tó o di páàdì mú yóò tẹ bọ́tìnnì L1, ohun gbogbo yóò sì máa padà sẹ́yìn: á gbéra láti inú ọ̀gbun, ẹsẹ̀ rẹ̀ á tún kan ògiri, á padà sí ibi tó ti kọ́kọ́ gbéra. Bí iyanrìn inú ọ̀bẹ bá ṣe pọ̀ tó ni iye ìgbà tó o lè ṣe bẹ́ẹ̀. Tó bá tán, ikú dé. Ohùn ọmọ ọba fúnra rẹ̀ ló sì ń rọ́ ìtàn náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin, nítorí náà, tó o bá kú, wàá gbọ́ ọ tí yóò ní rárá, kò rí bẹ́ẹ̀, òun ló ṣì í sọ. Gẹ́lẹ́ bí ìyá àgbà tó ń pàlọ́ tó ṣi ibì kan sọ, táwọn ọmọ fi pariwo lé e lórí, tó wá padà mú un láti ibi tó tọ́. Mi ò tíì rí géèmù mìíràn tí ikú inú rẹ̀ bá ìtàn rẹ̀ lọ tó bẹ́ẹ̀.

Ní Gbàgádà níbí lèmi ti mọ̀ ọ́n, nínú ṣọ́ọ̀bù géèmù, láyé PlayStation 2. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà ní Ṣólúyì, ní Ìfàkọ̀, tàbí lápá Pẹ́dírò, ẹ mọ irú ṣọ́ọ̀bù tí mò ń wí. Yàrá kan ṣoṣo, tẹlifíṣọ̀n oníkùn ńlá bíi mélòó kan, bẹ́ǹṣì onípákó, fáànù kan tó ń yí ooru kiri, àti jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń kùn lẹ́yìn ilé. Bọ́ọ̀lù ni gbogbo ayé ń gbá níbẹ̀, Winning Eleven àti FIFA. Ẹni tí wọ́n bá nà á dìde, ẹlòmíràn á jókòó, owó ń wọlé fún ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù. Géèmù onírìn-àjò kò bá òwò yẹn mu. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbá a, kì í tán lójú kan, àwọn tó tò sẹ́yìn kò sì ní í gbà kó o gba tẹlifíṣọ̀n kan mọ́ra láti àárọ̀ dalẹ́. Àárọ̀ kùtùkùtù nígbà ìsinmi iléèwé, kí èrò bọ́ọ̀lù tó dé, ni àyè ti máa ń yọ.

Ohun tó tún ṣe pàtàkì ni mẹ́mọ̀rì káàdì. Nǹkan dúdú pẹlẹbẹ kékeré ni, kò ju ìka méjì lọ. Ẹni tó bá ní tirẹ̀ á lẹ bébà mọ́ ọn lára, á kọ orúkọ rẹ̀ sí i, á sì mú un lọ sílé bí ẹni mú kọ́kọ́rọ́. Ibi tó o bá dé nínú ìtàn, inú rẹ̀ ló wà. Tí àwọn NEPA bá mú iná lọ kó o tó tọ́jú ibi tó o dé, kí jẹnẹrétọ̀ sì tó dìde, gbogbo ògiri tó o ti gùn láàárọ̀ yẹn, wàá tún un gùn. Mo rí ọmọkùnrin àgbà tí omijé lé lójú nítorí èyí, kò sì sẹ́ni tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù, torí a mọ ibi tó dé.

Àwo àdàkọ ló kún ìgboro nígbà náà. Ọ̀nà yẹn ni géèmù náà fi dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ nínú wa, owó rẹ̀ kò sì dé ọwọ́ àwọn tó ṣe é. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, nínú ìwé ìṣirò iléeṣẹ́ wọn, bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò gbá géèmù yìí ní Gbàgádà rí ni. Nígbà tí wọ́n bá jókòó láti wò ó bóyá àwọn èèyàn ṣì fẹ́ ọmọ ọba yìí, wọn kì í kà wá mọ́ ọn.

Ibi tí géèmù yẹn sì dé jìnnà. Àwọn òṣìṣẹ́ Montreal fẹ́ ṣe òmíràn tẹ̀lé e, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é lábẹ́ orúkọ Prince of Persia: Assassins, àmọ́ iṣẹ́ náà fẹ̀ títí ó fi kúrò lábẹ́ ọmọ ọba pátápátá. Òun ló di Assassin's Creed tó jáde lọ́dún 2007, tó padà wá lówó lọ́wọ́ ju ẹni tó bí i lọ. Nínú Assassin's Creed tó jáde lọ́dún 2013 la ti rí Adéwalé. Ẹ gbọ́ orúkọ náà dáadáa. Ẹrú tó sá kúrò nínú oko ìrèké ní Trinidad ni, ó di igbákejì ọ̀gá nínú ọkọ̀ ojú omi àwọn ajalèlókun. Lóṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà, wọ́n fún un ní ìtàn tirẹ̀, Freedom Cry, níbi tó ti ń já ìdè àwọn ẹrú ní Port-au-Prince, lórí ilẹ̀ tí à ń pè ní Haiti lónìí. Géèmù tí àwọn ọmọ Ṣólúyì ń gbá lórí bẹ́ǹṣì ló bí iṣẹ́ tó gbé orúkọ Yorùbá kalẹ̀ níwájú gbogbo ayé gẹ́gẹ́ bí akọni. Èmi kò lè ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí eré lásán.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí àtúnṣe. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, àwọn ẹ̀ka Ubisoft tó wà ní Íńdíà, ní ìlú Pune àti Mumbai, ni wọ́n gbé e lé lọ́wọ́. Inú mi dùn nígbà náà. Ìtàn tó bẹ̀rẹ̀ ní ààfin Íńdíà, ọmọ Íńdíà ló máa tún un rọ́. Wọ́n pe Yuri Lowenthal, ẹni tó fi ohùn sílẹ̀ fún ọmọ ọba lọ́dún 2003, kó wá tún un ṣe. Fídíò ìpolówó jáde, àwọn èèyàn sì dojú ìjà kọ ọ́. Wọ́n ní ojú àwọn ènìyàn inú rẹ̀ kò dán, wọ́n ní kò jọ iṣẹ́ ọdún 2020. Wọ́n sún ọjọ́ rẹ̀ sí 18 oṣù kẹta ọdún 2021. Kí ọjọ́ yẹn tó pé, wọ́n tún sún un, lọ́tẹ̀ yìí wọn kò dá ọjọ́ kankan mọ́. Lóṣù Karùn-ún ọdún 2022, wọ́n gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ àwọn ará Íńdíà, wọ́n gbé e lọ sí Montreal. Lóṣù Kẹfà ọdún 2024, fídíò kékeré kan jáde tó ní ọdún 2026 ló ń bọ̀. Ọdún 2026 dé lóòótọ́, ó sì dé pẹ̀lú ìkéde tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Kí ni wọ́n sọ pé ó fà á? Wọ́n ní ìrètí wà lára iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n kó tó lè dé ìwọ̀n tó yẹ àwọn tó ń retí rẹ̀, àkókò àti owó tí yóò gbà ju èyí táwọn lè fi sílẹ̀ lọ. Mo gbà á gbọ́. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu níléeṣẹ́ yẹn. Lọ́dún 2025, wọ́n ní láti gba owó tó lé ní bílíọ̀nù kan yúrò lọ́wọ́ Tencent ti ilẹ̀ Ṣáínà, kí wọ́n sì fún un ní ìdá kan nínú mẹ́rin ẹ̀ka tuntun tó ń mójú tó àwọn géèmù wọn tó tà jù. Ní oṣù kan náà tí wọ́n pa ọmọ ọba, wọ́n ti iléeṣẹ́ wọn ní Halifax àti Stockholm pa, wọ́n sì pín gbogbo iṣẹ́ tó kù sí ọ̀nà márùn-ún. Ẹni tí ilé ń jó mọ́ lórí kì í ronú aṣọ ọdún.

Iṣẹ́ àtúnṣe pẹ̀lú kò rọrùn bí ojú ti ń wò ó. Kì í ṣe pé kí wọ́n kan kun ògiri àtijọ́ ní ọ̀dà tuntun. Géèmù ọdún 2003 ní ìwọ̀n tirẹ̀: bí òpó ṣe jìnnà sí òpó bá ibi tí ọmọ ọba lè fò dé mu, ibi tí kámẹ́rà wà bá ohun tó yẹ kó o rí mu. Tí o bá fún ọmọ ọba ní ara tuntun tó ń rìn bí èèyàn gidi, ìfò rẹ̀ yí padà, tí ìfò bá sì yí padà, gbogbo yàrá ààfin ni wàá tún wọ̀n. Bí ó ṣe ń lọ bẹ́ẹ̀ nìyẹn, títí owó tí wọ́n rò pé yóò tún ilé ṣe yóò fi tó owó ilé tuntun. Nítorí náà, n kò bínú pé wọn kò ta iṣẹ́ tí kò pé. Ohun tó ń dùn mí ni ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èyí tí wọ́n ti ṣe.

Ọdún mélòó làwọn ọmọ Pune àti Mumbai fi yàwòrán, tí wọ́n fi kọ kóòdù, tí wọ́n fi wọn ògiri? Àwọn ará Montreal náà ńkọ́? Ohùn tí Lowenthal kà sílẹ̀, ibo ló wà? Inú kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ ni, lábẹ́ àgádágodo, ẹni tó ṣe é gan-an kò sì láṣẹ láti fi í han ẹni tó fẹ́ gbà á síṣẹ́. Ọ̀dọ́ tó ti ibi iṣẹ́ yẹn jáde lónìí kò lè nawọ́ sí ohunkóhun kó ní èmi ni mo ṣe èyí. Kì í ṣe owó nìkan ló ń sọ nù nígbà tí wọ́n bá fagi lé irú iṣẹ́ yìí. Ẹ̀rí ìgbésí ayé èèyàn ń bá a lọ.

Ó sì ṣeé ṣe kó máà rí bẹ́ẹ̀. Mechner yìí kan náà, kí ọdún 2003 tó dé rárá, òun ló ṣe Prince of Persia àkọ́kọ́ fún kọ̀ǹpútà Apple II, èyí tó jáde lọ́dún 1989. Ó ní kí àbúrò rẹ̀ David wọ aṣọ funfun, kó máa sáré, kó máa fò, òun ń fi kámẹ́rà gbà á sílẹ̀, ó wá ń fa ìlà àwòrán náà lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi di ọmọ ọba tó ń rìn. Ó tọ́jú kóòdù géèmù náà sínú dísíkẹ́ẹ̀tì, dísíkẹ́ẹ̀tì wá di àwátì. Lọ́dún 2012, bàbá rẹ̀ kó àpótí àwọn ẹrù àtijọ́ ránṣẹ́ sí i, àwọn dísíkẹ́ẹ̀tì náà ló wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún tó lé ní ogún, kò dájú pé àwọn dísíkẹ́ẹ̀tì yẹn ṣì ṣeé kà, nítorí wọ́n máa ń bàjẹ́ tó bá pẹ́. Ó pe àwọn tó mọṣẹ́, wọ́n yọ kóòdù náà jáde díẹ̀díẹ̀, ó sì gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní oṣù kẹrin ọdún yẹn fún gbogbo ayé, lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ ogún ọdún tó wà ní Gbàgádà lálẹ́ yìí lè kà á, kó rí bí ẹnì kan ṣe fi ìwọ̀nba àyè tó wà nínú kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn dá ènìyàn tó ń mí.

Àwa náà ní irú rẹ̀. Fíìmù Shaihu Umar tí Adamu Halilu ṣe lọ́dún 1976, àwọn èèyàn rò pé ó ti ṣègbé pátápátá. Ọdún 2016 ni wọ́n rí i ní Jos, nínú ilé ìpamọ́ àjọ tó ń mójú tó fíìmù nílẹ̀ wa. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì fi hàn ní Berlin lọ́dún 2018. Ẹni tó bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá pípadà sínú ìtàn àtijọ́ lè tà lọ́dọ̀ wa, kó wo Living in Bondage ti 1992, tí wọ́n ṣe ìtẹ̀síwájú rẹ̀ lọ́dún 2019, tí Ramsey Nouah darí, tó kún gbọ̀ngàn sinimá.

Ṣùgbọ́n lápá géèmù, ẹ̀rù ń bà mí fún wa. Ẹ rántí Gamsole, iléeṣẹ́ géèmù tí Abíọ́lá Ọláníran, akẹ́kọ̀ọ́jáde Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, dá sílẹ̀ lọ́dún 2012. Orí fóònù Windows Phone ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbajúmọ̀, Gidi Run wà lára géèmù wọn, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ìgbà làwọn èèyàn sì gba géèmù wọn sórí fóònù. Nígbà tí Microsoft pa fóònù yẹn tì, tí wọ́n sì ti ọjà Windows Phone 8.1 pa lóṣù Kejìlá ọdún 2019, ojú ọjà tí àwọn ọmọ wa fi dé ọ̀dọ̀ mílíọ̀nù èèyàn pa dé mọ́ gbogbo iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tó fagi lé géèmù kankan níbẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n kọ́lé sí lẹnì kan gbà lọ.

Maliyo Games, tí Hugo Obi dá sílẹ̀ ní Èkó lọ́dún 2012 kan náà, ṣì ń ṣiṣẹ́. Àwọn ni Disney fa géèmù Iwájú: Rising Chef lé lọ́wọ́ lọ́dún 2024, nígbà tí eré àwòrán Iwájú, tí iléeṣẹ́ Kugali bá Disney ṣe nípa Èkó ọjọ́ iwájú, jáde. Ìlọsíwájú gidi nìyẹn, mo sì bá wọn yọ̀. Síbẹ̀, ìbéèrè kan náà wà níbẹ̀: ní ogún ọdún sí i, tí fóònù ìsinsìnyí bá ti di àlòkù, ta ni yóò ní ẹ̀dà iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ tí ọmọ tí kò tíì dáyé yóò fi rí i?

Ohun tí mò ń béèrè lọ́wọ́ Ubisoft kò pọ̀. Kí wọ́n tẹ orúkọ gbogbo ẹni tó ṣiṣẹ́ lórí àtúnṣe náà jáde, ti Pune, ti Mumbai, ti Montreal. Kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ayàwòrán fi àwòrán wọn han ayé. Kí wọ́n sì má ṣe yọ géèmù ọdún 2003 kúrò lórí àtẹ. Ó ṣì wà fún kọ̀ǹpútà lórí Steam àti GOG, àwọn ọjà géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì nílò kọ̀ǹpútà alágbára, láàpútọ́ọ̀pù àlòkù láti Computer Village ní Ìkẹjà lè gbé e. Ẹni tó gbá àdàkọ rẹ̀ láyé ọjọ́sí lè fowó ra ojúlówó báyìí.

Ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ ń ṣe géèmù lágbègbè yìí, láti Gbàgádà dé Kétu, láti Ìkòsí dé Máìlì 12, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ kàn báyìí. Tó o bá ṣe géèmù fún Windows Phone, fún Nokia, fún ohunkóhun tí kò sí lọ́jà mọ́, tí kóòdù rẹ̀ ṣì wà lórí fíláàṣì tàbí nínú láàpútọ́ọ̀pù tí kò tàn mọ́, pè wá bí mo ṣe ń parí ọ̀rọ̀ yìí. Sọ orúkọ géèmù náà fún wa, sọ orúkọ gbogbo ẹni tẹ́ ẹ jọ ṣe é, kó o sì sọ ibi tó wà lónìí. Ẹ̀rọ wa ń gba ohùn sílẹ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé la máa gbọ́.